Ìdúró Tí Kò Sí Nínú Orin

Eruku ni wọ́n gbà mí láti máa nù ní Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó ní Douala. Dùùrù ńlá kan wà nílé Madáámù, ó dúdú, ó ń dán, ó sì tóbi ju ibùsùn tí èmi àti àbúrò bàbá mi obìnrin jọ ń sùn lé ní Nkololoun lọ. Òjò Douala kì í jẹ́ kí igi gbẹ, nítorí náà gílóòbù kékeré kan wà nínú ikùn dùùrù náà tó gbọ́dọ̀ máa tàn tọ̀sán-tòru kí ọ̀rinrin má bàa wọ̀ ọ́. Bí iná bá lọ, èmi ni màá ṣí ikùn rẹ̀, màá kó aáyán jáde, màá fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀. Orí ọkùnrin kan tí wọ́n gbẹ́ wà lókè dùùrù, ó funfun bí ẹfun. Ará Jámánì kan ni, ó ti kú tipẹ́tipẹ́, òun ló sì kọ àwọn orin tí Madáámù ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí. Bàbá mi ní kí n máa nù ún nítorí pé iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kí n má wojú rẹ̀, nítorí pé ère ni. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí nù ún.

Aláwọ̀ dúdú ni Madáámù, ọmọ bíbí Douala. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Faransé, ó sì ń kọ ìwé ńlá kan fún yunifásítì kan níbẹ̀. Ìwé náà dá lórí bí àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ láyé àtijọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ ní dùùrù. Ó ní etí ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́, pé ohun tí etí bá gbà kì í kúrò lọ́wọ́ mọ́ láéláé. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ló ń wá. Àwọn ọmọ òyìnbó àti ọmọ olówó tó ń wá kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀ ti mọ orin kà nínú ìwé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn kò wúlò fún ohun tó ń wá.

Nígbà tí lakírísì, ìyẹn ọ̀dá owó, wọlé, tí wọ́n gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn òyìnbó ń di ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ náà dín kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò wá, Madáámù wò mí níbi tí mo ti ń nu eyín dùùrù, àwọn tí ìka ń tẹ̀.

“Kíláàsì wo lo dé?”

“Mo dé ìkẹrin, Madáámù.”

“O mọ orin kà?”

“Rárá, Madáámù.”

“O ò tilẹ̀ rí ìwé orin rí?”

“N kì í ṣí i, Madáámù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń nù.”

“Ó dáa. Ó dáa gan-an.”

Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó rí nǹkan he. Mi ò tíì rí ẹni tí àìmọ̀ mi dùn mọ́ nínú bẹ́ẹ̀ rí, inú tèmi náà sì dùn.

Báyìí ló ṣe ń kọ́ mi. Màá jókòó sórí àpótí, màá kọjú sí ògiri, màá kọ̀yìn sí i. Yóò tẹ orin kan ṣoṣo, èyí tó gùn díẹ̀ tó sì ń lọ jẹ́jẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà yóò kó ìwé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, yóò ní kí n wá jókòó, kí n wá ohun tí mo gbọ́ lórí àwọn eyín náà. Kò sọ pé ó tọ́, kò sọ pé kò tọ́. Ó kàn ń kọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìlà àkọ́kọ́ tẹ̀ tán, ó sọ ohun tó mú mi dúró. Ó ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ orin kan wà láàárín ìlú tó máa ń gba ọmọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Bí mo bá lè tẹ orin yìí dáadáa níwájú ọ̀gá náà, òun yóò sọ̀rọ̀ mi. Kí n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́! Aṣọ tí bàbá mi ń tà ni kò tà mọ́ tí mo fi fi ìwé sílẹ̀. Ohun tó sì ń dúró dè mí bí iṣẹ́ Bonapriso bá parí ni kí n máa ru báàgì títà kiri ọjà tẹ̀lé Àǹtí, àbúrò bàbá mi, èmi tí mi ò lè gbóhùn sókè pe oníbàárà.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi etí kọ́ nǹkan. Ilé kéú ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Áfáà á ké e, a ó ké e tẹ̀ lé e. Bó bá fa ọ̀rọ̀ gùn, a ó fà á gùn. Bó bá mí, ibi tó ti mí náà la ó ti mí. Ẹni tó bá fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ohun tí áfáà gbé sí i lẹ́nu, pàṣán ló ń gbà. Mo gba pàṣán títí mi ò fi kì í fi nǹkan sílẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí orin Madáámù dé ibì kan láàárín, tó dúró díẹ̀, tí mo gbọ́ pà lára igi bí ẹni rọra fọwọ́ lu nǹkan, tí orin sì tún ń lọ, mo mú ìdúró náà, mo mú pà náà. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ orin yìí ló máa ń wà níbẹ̀, ibì kan náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú orin náà nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó láàárín ìforíkanlẹ̀ méjì nínú ìrun, tí kò tíì padà sílẹ̀, tí kò sì dìde. Mo ní lọ́kàn mi pé òkú Jámánì yìí, bó ti wù kó jẹ́ kèfèrí tó, ó mọ ibi tó yẹ kí èèyàn ti jókòó.

Bí mo bá délé, màá máa fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Àǹtí kò jẹ́ kí n gbádùn.

“Èèrà ń rìn lọ́wọ́ ẹ ni?”

“Orin ni, Àǹtí.”

“Orin tí kò dún? Ẹ wá wo ìyàwó òkú òyìnbó o! Òkú ò lè sanwó orí ẹ, ṣó o gbọ́?”

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Madáámù dá ọjọ́ tí ọ̀gá náà yóò wá, bàbá mi fa aṣọ àdìrẹ kan yọ nínú ọjà rẹ̀, ó ní kí Àǹtí fi rán bùbá àti ìró fún mi.

“Kò kúkú tà,” ó ní. “Ó sàn kó lọ wo dùùrù ju kí kòkòrò jẹ ẹ́.”

Mo wọ̀ ọ́ dé Bonapriso lọ́jọ́ náà. Madáámù pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Kí lèyí? Lọ bọ́ ọ. Wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ, kí wọ́n lè mọ ẹni tó o jẹ́.”

Mo bọ́ ọ, mo ká a, mo fi sórí àpò ìrẹsì. Aṣọ funfun tí mo fi ń nulẹ̀ ni mo wọ̀ wọ yàrá àlejò. Àwọn olùkọ́ orin mélòó kan wà níbẹ̀, ọ̀gá náà wà láàárín wọn, ọkùnrin arúgbó tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ nítorí pé iná ti lọ. Ìwé orin náà gan-an ló fi ń fẹ́ra.

Mo jókòó. Mi ò wojú ẹnikẹ́ni, ìtìjú kì í jẹ́ kí n wojú èèyàn tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo dúró, mo fọwọ́ òsì lu igi pà, mo sì ń bá a lọ.

Ẹ̀rín bú jáde. Mo rò pé aáyán ló jáde látinú dùùrù. Mo tẹ̀ ẹ́ dé òpin.

“Ẹ ò rí i?” ni Madáámù ń sọ. “Ẹ ò rí i? Tún un ṣe, ọmọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìṣáájú ibẹ̀.”

Mo tún un ṣe. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, obìnrin kan ń fi áńkáṣífù nu ojú. Madáámù gba ìwé lọ́wọ́ arúgbó náà, ó gbé e síwájú mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí inú rẹ̀ nìyẹn. Ó fi ìka kan itọ́, ó ṣí ojú ìwé sí òdìkejì, ọ̀rinrin ti mú kó le, kò fẹ́ sùn. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mọ́ igi kó lè dúró. Pà.

Ìwé ló máa ń ṣí níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Òkú náà kò jókòó síbì kankan.

“Ẹ ti mọ̀, Madáámù?” Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ohùn.

“Láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ fún ọ, kí ni màá wá kọ?”

Obìnrin tó ń nu ojú ní kí wọ́n má rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá. “Bí odídẹrẹ́ bá lọ kàwé, ta ni yóò máa pa wá lẹ́rìn-ín?” Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun yóò padà wá nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Faransé bá dé. Bí mo bá lè tẹ orin náà láìsí ìdúró yẹn, òun yóò gbà mí.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, Madáámù ti ìdérí dùùrù, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

“Mi ò fẹ́ kó o yọ ìdúró yẹn kúrò,” ó ní. “Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọlá máa wá fún ìwọ náà níbẹ̀, wàá wà nínú ìwé mi.”

Mo tẹ orí ba, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n nílé, orí tábìlì tí Àǹtí ń to báàgì lé ni mo ti ń yọ ìdúró náà kúrò. Ó rọrùn. Igi kò dún, ọwọ́ mi ń kọjá níbẹ̀ geere bí omi. Bàbá mi jókòó tì mí lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan, ó ṣáà ń wo ìka mi.

“Ṣó ti lọ?”

“Ó ti lọ, Bàbá.”

“Alihamudulilai.”

Ọjọ́ náà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ga, ó ń làágùn. Ọ̀gá náà mọ̀ mí, ó mi orí sí mi. Mo ti bọ́ àdìrẹ mi, mo wọ aṣọ iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún mi. Kò sí ìwé níwájú mi, kò sí ẹni tó máa ṣí nǹkan kan. Mo ń sọ fún ọwọ́ mi bí mo ṣe ń bọ̀: kọjá, kọjá, má jókòó. Orin ń dún báyìí, kì í ṣe orí tábìlì la wà mọ́. Ohùn tó ṣáájú ibẹ̀ dún, èyí tó máa ń dún kí n tó gbọ́ pà nígbà tí mo kọjú sí ògiri.

Ọwọ́ mi dúró. Ọwọ́ òsì mi gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ lu igi.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yìí. Èyí tí mi ò retí nìyẹn. Madáámù dìde, ojú rẹ̀ ń tàn.

“Ó ti mọ̀ o! Lójú rẹ̀ ni mo ti fi hàn án! Ó mọ̀ pé kò sí nínú orin, ó fẹ́ fi í sílẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀!”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá náà wá dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ òsì mi, ó yí i padà bí ẹni ń wo iṣu tó ti rà.

“Madáámù, ẹ ti ba ọmọ yìí jẹ́.”

“Ohun tí mo fẹ́ fi hàn gan-an nìyẹn.”

“Mi ò lè gbà á,” ó ní. Madáámù ló ń bá sọ̀rọ̀. “Tí mo bá máa kọ́ ọ, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá sàn ju èyí lọ.” Ó rọra gbé ọwọ́ mi padà sórí itan mi.

Mo nu dùùrù náà kí n tó kúrò níbẹ̀, nítorí pé àwọn àlejò ti fọwọ́ kàn án. Mo nu orí funfun náà pẹ̀lú. Iwájú ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹyin nínú ojú rẹ̀, wọ́n kàn gbẹ́ ojú náà sílẹ̀ lófìfo. Mi ò padà wá lọ́jọ́ kejì.

Báàgì ni mo ń rù tẹ̀ lé Àǹtí báyìí, láti Nkololoun títí dé Ndogbong. Kò pè mí ní ìyàwó òkú mọ́. Bàbá mi rí aṣọ àdìrẹ náà tí mo ká padà wálé, ó ti yé e. Ìrun nìkan ló ṣòro. Bí mo bá jókòó láàárín ìforíkanlẹ̀ méjì, ìka ọwọ́ òsì mi á lu itan mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì rán an níṣẹ́. Nítorí náà mo máa ń yára padà sílẹ̀ kó tó dé.

“Ta ló ń lé ẹ?” ni Àǹtí máa ń wí lẹ́yìn ìrun. “Ṣé o ò lè jókòó ni?”