Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Tètè Dì

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin kan ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ka èérún ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyẹn àwọn ohun tín-ín-tìn-tín tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí pé bí imú àbúrò náà bá ṣẹ̀jẹ̀, kì í dá bọ̀rọ̀. "Gbogbo ẹ̀ pé," ló máa ń sọ. "Àníyàn ló ń dà ẹ́ láàmú."

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Dígí ni, ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí sì wà nínú rẹ̀. Kì í ka èérún ẹ̀jẹ̀. Ṣe ló ń wò ó bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dán an wò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti dì, ọ̀nà sì ti dí. Ó wá fi ti àbúrò rẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó ṣì ń ṣàn.

Ó rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú. O ti ń sọ ọ́ tipẹ́, mi ò gbọ́."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn èérún náà pé lóòótọ́. Ọ̀lẹ ni wọ́n!"

Dókítà ti mọ oògùn tó yẹ wàyí. Obìnrin náà kì í sì í gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ kó kọ́kọ́ rojọ́ ara rẹ̀ tán.