Aṣọ Funfun Mẹ́ta

Ọjọ́ tí ìjọba gbà mí síṣẹ́ sinimá, ẹnu mi ni wọ́n yẹ̀ wò. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa ní kí n gun ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú àgbàlá ọ́fíìsì wa ní Aké, kí n di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, kí n sọ ohunkóhun tó bá wù mí ní Yorùbá. Kò sí ohun tó wá sí mi lọ́kàn, ni mo bá ka Àdúrà Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ sọ́jà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣe àmín. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi dára. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ ọkọ̀ sinimá nìyẹn, lọ́dún kejì tí a ti ogun Bọ́mà dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀ wọn kò lè mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ńlá kan ni, ẹ̀rọ amúnáwá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán náà sì wà níbẹ̀. A ó ta aṣọ funfun sáàárín òpó méjì ní gbàgede, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fíìmù á bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni fíìmù ń sọ, nítorí náà a ó pa ohùn rẹ̀, èmi á wá máa sọ ti Yorùbá. Kì í ṣe ohun tó bá wù mí ni mo ń sọ o. Ìwé títẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fíìmù kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ là ń pè é. Èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀, ọ̀gá á sì ní kí n tú ìtumọ̀ náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì létí òun, kó má bàa sí àbùlà. Fíìmù eyín fífọ̀ wà, ti kòkó wà, ti ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹṣin náà wà.

Bọ̀ọ̀dá Táíwò ni awakọ̀ wa, òun náà ló ń yí ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà jù mí lọ, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa èémí kí gbólóhùn gígùn má bàa já mọ́ni lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dé Owódé, lẹ́yìn fíìmù ọba lórí ẹṣin, ọdẹ kan gbé àtùpà lọ sẹ́yìn aṣọ, ó ń wá ojú ẹsẹ̀ ẹṣin nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bọ̀ọ̀dá Táíwò kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Ó ní, "Jósáyà, ohun tí ojú àwọn èèyàn bá rí lára aṣọ yẹn, bí o bá fi ọdún mẹ́wàá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àsọdànù ni."

Mo ṣe bí ẹni gbọ́. Oorun ló ń kùn ún, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ti Làmídì. Àdúgbò Ṣàpọ́n ni èmi àti òun jọ dàgbà sí, ilé wa kọjú síra. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, ọmọ ìmàle ni òun. Ọjọ́ kan náà la wọṣẹ́ sójà, ọkọ̀ òkun kan náà ló gbé wa lọ. Nínú igbó Bọ́mà, ìbọn bà mí lẹ́sẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì dá Làmídì dùbúlẹ̀, wọ́n wá kó àwa méjèèjì lọ sí ọsibítù àwọn sójà ní ilẹ̀ Íńdíà. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló tẹ̀lé tèmi. Ibẹ̀ ló kú sí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan.

Ará Íńdíà kan wà tó ń tọ́jú wa ní wọ́ọ̀dù yẹn, Kàrímù lorúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni. Nígbà tó rí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ Làmídì, ó ní wọn kò ní sin ín bí ẹni tí kò léèyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́. Ó wá aṣọ funfun, ó fi mẹ́ta wé e, ó pe lèmọ́mù àdúgbò wọn àti bí ogún èèyàn tí kò mọ Làmídì rí, wọ́n kírun sí i lára. Wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí láti ọ̀dọ̀ tiwọn, apá ibẹ̀ ni Mẹ́kà wà. Mo fi ọ̀pá méjì ti ara mi débẹ̀, mo da yẹ̀pẹ̀ tèmi sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó Kàrímù se ìrẹsì, ó pín in fún àwọn aláìní nítorí Làmídì, ó sì bu àwo kan ránṣẹ́ sí mi. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí irú oore bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá mi tan.

Nígbà tí mo délé, mo gbé tẹ̀sùbáà náà lọ fún ìyá rẹ̀. Opó ni Ìyá Làmídì, ìlẹ̀kẹ̀ àti tìróò ló ń tà. Làmídì nìkan lọ́mọkùnrin tó bí. Sàfú ọmọbìnrin ló kù fún un. Kò bi mí nípa ikú tó pa á. Ohun tó bi mí ni bí wọ́n ṣe sin ín, nítorí àwọn èèyàn ti kó o láyà jẹ pé inú òkun ni wọ́n ń ju òkú sójà sí, pé igún ló ń jẹ wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti yà síbẹ̀ kí i, kò ní bi mí nípa iṣẹ́, kò ní bi mí nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Á ní, "Jósáyà, sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i." Èmi á sọ ti aṣọ funfun mẹ́ta, ti kírun, ti ìrẹsì. Á máa mi orí. Á gbé obì fún mi. Ohun tó fi ń sùn lóru nìyẹn, èmi nìkan ló sì lè fún un.

Nígbà tó yá, ọ̀gá sọ fún wa pé fíìmù nípa Íńdíà kan ń bọ̀. Orí mi wú. Bí mo bá sọ pé mo dé Íńdíà, ṣe làwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá wọ́n ń wọṣọ níbẹ̀. Mo ní ẹ máa wò ó, wọ́n á rí ọjà tí mo rìn, wọ́n á rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ọmọléèwé pẹ̀lú ìwé lábíyá, ọkọ̀ ojú irin tó gùn ju èyí tó ń wọ Lááfẹ́ńwá lọ. N kò tíì fojú kan fíìmù náà tí mo fi sáré lọ bá Ìyá Làmídì, pé kó wá wo ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà. Ẹnu ara mi ni mo fi pè é.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí a ó fi í han ará ìlú, a yí fíìmù náà wò nínú ọ́fíìsì. Ọkùnrin kan ń fun fèrè fún ejò. Òmíràn sùn sórí ìṣó. Erin. Alágbe, alágbe, alágbe. N kò rí ọmọléèwé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi etídò hàn, igi tí wọ́n tò jọ, òkú lórí igi, iná. Àkọsílẹ̀ ní àwọn ará Íńdíà kì í sin òkú wọn, pé wọ́n ń sun ún bí igi ìdáná ni, wọ́n á sì gbá eérú rẹ̀ sódò.

Kì í ṣe pé wọn kì í sun òkú níbẹ̀. Àwọn kan ń sun ún. Mo rí i, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é, ọmọ òkú ń sunkún bí ọmọ òkú ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n "àwọn ará Íńdíà" kẹ̀? Kàrímù ńkọ́? Lèmọ́mù ńkọ́, àti ogún èèyàn yẹn?

Mo bá ọ̀gá, mo ní sà, ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn kan kún un, pé àwọn kan ń sun, àwọn kan ń sin. Ó ní àwọn tó ya fíìmù náà mọ iṣẹ́ wọn, pé kò yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ rú àwọn ará oko lójú. Ó ní bí kíka ohun tí wọ́n kọ kò bá tó mi, ẹni tí yóò kà á pọ̀ nígboro. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni, ẹsẹ̀ mi kò sì gbé iṣẹ́ oko mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ní láti lọ sọ fún Ìyá Làmídì kó jókòó sílé. N kò lọ. Mo ń tan ara mi pé orúnkún ń dùn ún, kò ní lè wá. Ìwà ojo ni, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo fẹ́ pè é.

Ó wá. Sàfú gbé àpótí ìjókòó fún un, wọ́n jókòó síwájú pátápátá. Ó lé tìróò, ó gbé tẹ̀sùbáà Làmídì dání. Ọ̀gá dúró tì mí, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sórí ìwé. Àwọn èrò fi ejò rẹ́rìn-ín, wọ́n hó yèè nígbà tí wọ́n rí ìṣó. Nígbà tí iná dé, mo gbọ́ ohùn ara mi láti inú ẹ̀rọ, ó ń dún gooro, kò gbọ̀n rárá. Bọ̀ọ̀dá Táíwò kọ́ mi dáadáa. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, títí dé eérú. Ẹnì kan lẹ́yìn pariwo pé ẹranko lásán ni wọ́n, gbogbo gbàgede bú sẹ́rìn-ín.  Ìyá Làmídì fa ìborùn rẹ̀ bo ojú, Sàfú sì dì í lọ́wọ́ mú jáde láàárín àwọn èrò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà níwájú rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, èmi àti ẹsẹ̀ tí kò ṣeé ká. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Mo ní bí a ti ní ìmàle, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní Ẹ̀gbá, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà rí. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ta ló sọ̀rọ̀ lánàá?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Èmi náà ni."

Ó fọwọ́ kàn mí lórí. "Dìde, ọmọ mi. Èyí tí ò ń sọ fún mi nínú ilé, àánú ló mú ọ sọ ọ́. Èyí tí o sọ lójú gbogbo ìlú, tí òyìnbó dúró tì ọ́, òun ni òótọ́. Ìwọ̀ oòrùn tí o ní wọ́n kọjú rẹ̀ sí ti ń kọ mí lóminú látọjọ́. Ta ló ń kọjú òkú Mùsùlùmí sí ìwọ̀ oòrùn? Mo kàn fẹ́ gbà ọ́ gbọ́ ni."

Mo búra. Mo fi Bíbélì búra, mo fi ìyá mi búra. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú láti tu òun nínú. Ì bá ṣe pé ó bú mi, ì bá ṣe pé ó lé mi jáde, mo lè gbé e. Ó forí jì mí nítorí irọ́ tí n kò pa, kò sì mọ èyí tí mo pa.

Mo kọ lẹ́tà sí Kàrímù, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí lèmọ́mù wọn kọ ìwé kan ní Lárúbáwá, kí àwọn àáfà wa lè kà á fún ìyá náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni a ń kà nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ti pín ilẹ̀ náà sí méjì, pé àwọn èèyàn ń sá kúrò nílé bàbá wọn, pé wọ́n ń para wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, lẹ́tà mi padà dé, wọn kò tú u. N kò mọ̀ títí dòní bóyá ẹnì kankan rí aṣọ funfun fi wé Kàrímù.

Nígbà tí a gbé fíìmù náà dé Owódé, ọ̀gá kò bá wa lọ. Mo pa àkọsílẹ̀ tì, mo sọ ohun tí mo mọ̀. Mo ní ọ̀pọ̀ wọn ń sin òkú, mo ní wọ́n bá mi sin ọ̀rẹ́ mi. Àwọn èrò hó lé mi lórí: iná làwọn rí, kí ni mò ń sọ? Ọdẹ ìjelòó gbé àtùpà rẹ̀, ó tún lọ sẹ́yìn aṣọ, ó ń wá eérú. N kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Bọ̀ọ̀dá Táíwò ń ká wáyà, kò wojú mi. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá, ó pè mí, ó ní bí mo bá tún dán an wò, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo padà sórí àkọsílẹ̀. Mo kà á títí dé Ìláròó, ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń kà á. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi fọ́ tèmi láti ìlú dé ìlú.

Àwọn tí wọ́n ṣe àpèjẹ ìfẹ̀yìntì fún mi lẹ́yìn ọdún gbọọrọ sọ pé ohùn mi la gbogbo Ẹ̀gbá lójú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jókòó.

Ìyá Làmídì kú kí wọ́n tó dá fíìmù yẹn padà sí Èkó. Sàfú ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní láti ọjọ́ sinimá, ìyá òun kò jókòó sídìí ààrò mọ́. Bí èéfín bá ti rú, á dìde, á lọ dúró ní ìta títí wọ́n á fi se oúnjẹ tán. Lẹ́yìn náà ó na tẹ̀sùbáà sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá Jósáyà, ìyá mi ní kí n dá a padà fún yín. Wọ́n ní ẹ ṣe wàhálà lórí àwọn."

Mo dúró sẹ́yìn àwọn ìmàle, bí mo ti dúró ní Íńdíà. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n gbé e wọ ilẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ìlà oòrùn. Mo da yẹ̀pẹ̀ tèmi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ sétí ibojì náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: aṣọ funfun mẹ́ta, lèmọ́mù, ogún èèyàn, ìrẹsì. Mo sọ ọ́ dópin. Mo dákẹ́, mo ń retí. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.