Ohun Tí Àfúsá Ní Kí Wọ́n Sọ fún Ọkọ Rẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ Àfúsá, ní Aké, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọkọ rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń ròyìn fún un pé àlùbọ́sà ti gbówó lórí. Ojú ọkọ náà là, ṣùgbọ́n kò fèsì. Ó ti di ọdún kejì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Láwàlì gúnlẹ̀, ẹni tó ti ń fi máṣíìnì ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá láti ìgbà èwe.

Abdulbaqi, àkọ́bí wọn, tó ń wa tírélà símẹ́ǹtì ní Ewékorò, ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bàbá ò sí nínú ara yẹn mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Papalanto, kí ìyá lè sinmi. Àfúsá ní bó bá ń gbọ́ ńkọ́? Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ìyẹn ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Dókítà Àràmídé, nílé ìwòsàn tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wà. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹni tí kò lè fèsì, ọkàn rẹ̀ ti sùn ni; àwọn mìíràn ní ọkàn lè jí sílẹ̀ kó má rí ọ̀nà jáde. Wọn yóò ní kí Láwàlì máa rò ó pé òun ń gbá bọ́ọ̀lù, kó tún sinmi. Bó bá gbọ́, ibi tó ń darí ẹsẹ̀ nínú ọpọlọ yóò tàn nínú àwòrán.

Kò tàn. Abdulbaqi wo ìyá rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rín ni Àfúsá bú sí.

"Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Ẹni tí kì í sáré kódà bí òjò bá ká a mọ́ta! Dókítà, ẹ ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì wọn."

Wọ́n tún gbé e wọlé. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀márùn-ún náà ni ibẹ̀ tàn.

"Màmá, mi ò rí èrò wọn o," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́. "Àwòrán yìí ò sì sọ pé wọ́n máa dìde. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ wa."

Abdulbaqi dọ̀bálẹ̀ síbi ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Sọ̀rọ̀ sókè," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n ń gbọ́, àmọ́ etí wọn ò mú láti ilẹ̀ wá."

Láwàlì ṣì wà ní Aké, nínú yàrá iwájú. Kò tíì sọ̀rọ̀. Ọjọọjọ́ Jímọ̀ ni Abdulbaqi máa ń wá kí i.