Tàdáwà Wàláà Lójú Olórin Òyìnbó

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán yíyà ní ilé ìwé gíga, ó sì fi ọdún méjì gbáko jókòó tì mí ní Aboabo, àdúgbò wa ní Kumasi, ó ń ya àwọn ewúrẹ́ àdúgbò. Ewúrẹ́ kì í gbani síṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé kan, tó tún jẹ́ olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ náà ń lọ, wá sọ pé òun ń wá olùkọ́ àwòrán, mo ní ó jọ pé àwọn ewúrẹ́ náà ló gbàdúrà.

Ọ̀gá yìí kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ní kó lọ fi gègé àti tàdáwà ya òyìnbó kan tó ń kọ orin dùùrù sílẹ̀ láyé ọjọ́un, kó fi í sínú férémù, kó gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bó bá dára, iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Òyìnbó ọ̀hún ti kú kí wọ́n tó bí baba ńlá mi. Ó dá mi lójú pé inú rẹ̀ á dùn gan-an láti gbọ́ pé òun ló máa wá ọmọ wa níṣẹ́ ní Kumasi.

Inú fóònù ni fọ́tò rẹ̀ wà. Mo wò ó. Irun àtọwọ́dá funfun ká lé e lórí, ó fi aṣọ wé ọrùn bí ẹni tí eéwo yọ síbẹ̀, ó sì dijú mágbárí bí ẹni tí méètì, ìyẹn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ tròtrò, gbé kọjá ibi tó ń lọ.

“Nana,” bí ó ṣe ń pè mí nìyẹn, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń pe ìyá àgbà, “àgbà olórin ni o. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàn ń béèrè bóyá inú ló ń run ún ni.”

Ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín ni wọ́n fi ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, èyí á gba orí èyí kọjá, títí ibẹ̀ á fi dúdú. Mo ti di irun ìyàwó rí láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ yìí fi ya irun òyìnbó, òyìnbó kò sì kí i pé ó ṣeun.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, tàdáwà tó rà ní ọjà Race Course tán. Ó ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ẹnu àti kóòtù. Ẹni tó ń tà á ní òun kò ní mọ́, àfi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ náà padà wálé, ó jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ wá jọ ti olórin yẹn gẹ́lẹ́.

Èmi tí mo gbọ́n nínú ilé, mo lọ fa ìgò kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ááfà ni ọkọ mi kó tó kú, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, tàdáwà tó fi ń kọ wàláà fún wọn ṣì kù. Mo ní, “Tàdáwà ni tàdáwà.” Ó ti gègé bọ̀ ọ́, ó rìn geere. Ó tiẹ̀ ní ó dúdú ju èyí tí òun rà lọ.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí gbogbo ilé ááfà mọ̀. Wọn kò se tàdáwà yẹn kó lè dúró. Wọ́n sè é kí omi lè kó o lọ, kí wàláà lè mọ́ fún ẹ̀kọ́ ọ̀la, tàbí kí wọ́n fọ àdúrà sínú igbá fún aláìsàn mu, èyí tí à ń pè ní hàǹtú. Èmi fúnra mi ni mo ń fọ àwọn wàláà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo oyún mi ni mo fi hàǹtú gbé. Ṣùgbọ́n ta ló ń fọ àwòrán?

Káfíńtà Anloga Junction ló ń fọ àwòrán. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la gbé e lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì fún férémù. Ọmọ Asante ni, ó mọ iṣẹ́, ó sì fẹ́ràn ìmọ́tótó, ẹ̀yin ẹ wo orí ire. Ó rí ìyẹ̀fun pákó díẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ olórin, ó ti àkísà bọ omi, ó fún un, ó sì nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyá tó ń nu imú ọmọ.

Irun dúró digbí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu àti kóòtù bá àkísà lọ.

“Maame, kafra,” ni káfíńtà wí, ó ń bẹ̀ mí ní Twi. “Irú tàdáwà wo rèé?”

Àwọn méjèèjì kọjú sí mi. Mo wo títì. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbà mí. “Tèmi ni,” mo wí. “Ti wàláà ni.”

Ọmọ náà kò pariwo. Ì bá pariwo. “Nana, ẹ mọ̀ pé omi máa ń fọ̀ ọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀.”

“Mo mọ̀. Mo gbàgbé pé mo mọ̀ ni.”

Aago mẹ́sàn-án ti lù. Báírò kan wà létí káfíńtà, mo yọ ọ́ láìtọrọ. Bébà mìíràn wà nínú báàgì ọmọ náà.

“Báírò, Nana?”

“Kí ló wà nínú rẹ̀, omi ọbẹ̀? Jókòó.”

Ó jókòó sórí pákó. Kò ṣí fóònù rárá. Ó ti bá ojú yẹn gbé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Káfíńtà pa ẹ̀rọ ìlapákó rẹ̀ kí ìyẹ̀fun má baà fò, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kùn, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi ń lé eṣinṣin àti àwọn alámọ̀ràn. Ọ̀kan nínú wọn ní olórin náà jọ àna òun, mo ní kó lọ kí àna rẹ̀ nílé. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ó parí. Ìlà rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Inú kò run olórin mọ́. Ó jọ ẹni tí ó ti jẹun. Káfíńtà fi í sínú férémù.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó wọ awò ojú, ó wò ó títí. “Gègé àti tàdáwà ni mo ní kí o lò. Báírò rèé.”

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ọmọ náà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, àti wàláà, àti àkísà, àti èmi. Ká ní èmi ni, ǹ bá fo ibi tó kàn mí.

“Báwo lo ṣe pẹ́ tó lórí èyí?”

“Kò tó wákàtí méjì, sà.”

Ọ̀gá bọ́ awò ojú. “Ilé ìwé yìí kò ní gègé, kò ní tàdáwà. Báírò nìkan ni àwọn ọmọ ń mú wá. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, aago méje.”

Ó ń ṣe mí bíi kí n bi í léèrè ìdí tó fi wá rán ọmọ ọlọ́mọ wá tàdáwà kiri, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ṣì wà lábẹ́ ti ọmọ náà.

Inú tròtrò ló ti wá bú sẹ́kún. Mo ní kí ló tún kù. Ó ní òun kò ní bàtà kan tó bójú mu tí òun lè wọ̀ dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Mo ké sí méètì pé a ó bọ́ọ́lẹ̀ ní ọjà Kejetia.