Wáyà Tó Lọ sí Ogijo

Ní àdúgbò wa ní Ibido, títì kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn tó ní iná àti àwọn tí kò ní. Títì náà kò fẹ̀. Tí èèyàn bá sín lápá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n lè kí i pẹ̀lẹ́ láti òdìkejì. Ṣùgbọ́n láìnì iná tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Tiwọn ni èyí tí wọ́n ń san owó gọbọi lé lórí, tí iná rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa máa ń wá bí àlejò tó kàn yà kí èèyàn lójú ọ̀nà: kó tó jókòó, ó ti ní òun ń lọ.

N kì bá tí bá iná jà rárá tí kì í bá ṣe ti ìyá mi. Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ń gbà lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó tẹjú mọ́ mi bíi pé èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ mànàmáná. Ó ní tí oògùn yìí bá gbóná, omi lásán ni mò ń gún fún ìyá mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fetí sí fíríìjì wa ju bí mo ṣe ń fetí sí ìwàásù lọ.

Alájà tó ń ta obì ní òdìkejì ló kọ́kọ́ ní ká máa gbé oògùn náà wá sínú fíríìjì òun. Màmá ní láéláé. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé àìsàn àwọn ti ọbẹ̀ ẹlòmíì, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mu omi tútù nílé Alájà máa wá kí àwọn kú ara ò le. Alájà rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká ra wáyà gígùn tó lè gba ìta kọjá, ká máa fa iná lọ́dọ̀ òun nígbàkígbà tí tiwa bá lọ. Kò dárúkọ owó, kò ní ká wá bẹ òun. Ohun tó sọ ni pé iná kì í tán nínú iná.

Bí mo ṣe gba Ṣàbó lọ nìyẹn. Tísà ìṣirò ni mí ní Ìlíṣàn, ẹni bíi tèmi kì í ra nǹkan láìwádìí. Mo ti gbọ́ pé irọ́ ló pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wáyà lóde òní, pé ọ̀pọ̀ tó ń dán bíi bàbà, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Mo ní kí ọkùnrin tó ń tà á fi ọ̀bẹ ha ojú bàbà náà kí n rí i. Ó ha á, ó pọ́n dé inú. Mo ní kó ha òmíràn. Ó wò mí, ó ha á. Mo tún fi apá mi wọn gígùn rẹ̀ láti orí dé ìdí níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọlọ́kadà fi ń bá mi kà á. Ọkùnrin náà ní ti ìta gan-an ni, rọ́bà rẹ̀ ki, oòrùn kò ràn án, òjò kò ràn án, kódà kí tírélà gùn ún. Nígbà tó wá mọ̀ pé mo máa rà á lóòótọ́, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. N ò gbọdọ̀ ká a mọ́ ìgúnpá. Òbìrìkìtì tó fẹ̀ ni kí n máa ká a sí. Tí mo bá sì fẹ́ lò ó, kí n tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí wáyà tí wọ́n ká mọ́ra tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá máa ń gbóná. Ó wá dì í sínú ọ̀rá funfun kan tó nípọn, ó lẹ bébà kékeré mọ́ ọn, mo sì gbé e lé itan dé ilé.

Ibi tí a máa gbé e sí ló di ọ̀rọ̀. Nínú ilé ìdáná, eku wà. Lójú fáráńdà, olè wà. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rin. Nígbà tó yá, mo kó àwọn léèsì mi sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tẹ́ ìró síbẹ̀, mo gbé wáyà lé e pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo sì so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ àpamọ́wọ́ mi. Ibùsùn rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Màmá béèrè ọjọ́ tí a máa lò ó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le. Ṣé a ò rí yìnyín kó yí oògùn ká ni? Ṣé ọkọ̀ ò ní máa gun wáyà tuntun lójú títì ni? Tí àwọn èèyàn bá sì rí i níta, ta ni kò ní wá yá a? Màmá kò bá mi jiyàn, wọn ò sì lẹ́nu ẹ̀, torí ilé wọn ni mo ti kọ́ ọ. Àga pálọ̀ wa wà nínú ọ̀rá títí ọ̀rá náà fi ya fúnra rẹ̀. Àwọn àwo kan sì wà nínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń tọ́jú de bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ti jẹ kọjá láti ìgbà náà, kò sí ọ̀kan tó bá wa jẹun, àwa ọmọ ilé sì ń fi ike jẹ ẹ̀bà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Alájà kọjá wá sọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án kan. Ó di obì sí ìdí ìró, ó kó o lé mi lọ́wọ́ kó tó jókòó. Ó ní ooru ń pa àwọn obìnrin tó ń bá òun bó obì lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, wáyà òun sì ti gbó, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti so ó. Ó ní ṣé òun lè fi tiwa gbé fáànù dé ọ̀dọ̀ wọn, tó bá di ìrọ̀lẹ́ òun á dá a padà.

N ò mọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu. Mo ní, “Á à, Alájà, ó ti lọ sí Ogijo.”

Kí ló dé tó jẹ́ Ogijo? Ilé iṣẹ́ ló kún ibẹ̀, ohunkóhun tí èèyàn bá ní ó lọ síbẹ̀, ó bójú mu. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ló wá yá a. Èmi ni àkọ́bí Màmá, n ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n kankan ní Ogijo tàbí níbòmíràn. Alájà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá wa dá a padà láyọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá wà nínú pálọ̀, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ikọ́ kan péré ni wọ́n hú. Obì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti jáde láàárọ̀, Alájà á béèrè lójú títì bóyá àwọn ará Ogijo ti dá wáyà wa padà. Mo ní ọ̀gá wọn kò tíì fún ẹ̀gbọ́n mi láàyè. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe iṣẹ́ òru. Lọ́jọ́ kan, mo tún ní ó ṣubú lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Alájà sì ń bá mi gbàdúrà fún ẹsẹ̀ ọkùnrin tí wọn ò bí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé oṣù kan, ó ti rẹ̀ mí.

Ìgbà tí ìdánwò parí ní Ìlíṣàn ni mo lọ fi ọjọ́ mẹ́ta máàkì ìwé, tí mo ń sùn nílé tísà ẹlẹgbẹ́ mi. Ọjọ́ tí mo kúrò nílé gan-an ni tìráńsífọ́mà apá ọ̀dọ̀ wa bú gbàmù. Wọn ò rí bí wọ́n ṣe máa sọ fún mi, torí iná ti tán lórí fóònù Màmá, wọn ò sì fẹ́ gbé e lọ fún níná nílé ẹlòmíì. Mo pè, kò wọlé. Ọkàn mi kò dà rú. Mo tiẹ̀ ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ìmúra sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì nílùú yìí, pé èmi ti ra wáyà tèmi pamọ́. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lára àpamọ́wọ́ mi lórí àga.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo dé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni wáyà dúdú kan tó ti ọgbà Alájà jáde, tó gba orí igi máńgòrò kọjá títì, tó sì wọ fèrèsé ilé ìdáná wa. Ojú ibi tí wọ́n ti so ó, ọ̀rá omi ni wọ́n fi wé e, wọ́n fi téèpù dì í. Fíríìjì ń dún. Màmá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Mo béèrè bóyá oògùn ṣì dára. Wọ́n ní ó dára, pé yìnyín ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ń yọ́ tán kí Alájà tó gun àpótí so wáyà mọ́ igi fúnra rẹ̀. Tí Màmá bá bínú, èdè Rẹ́mọ abúlé ni wọ́n máa ń sọ, ara mi sì máa ń balẹ̀, torí mo mọ̀ pé á parí. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bínú.

“Mo fa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ,” ni wọ́n wí. “Mo fà á títí apá ń dùn mí. Mo wá kọjá lọ bá Alájà. Ó ní wáyà wa ńkọ́. Mo ní ó ṣì wà ní Ogijo.” Wọ́n nu ojú fíríìjì pẹ̀lú etí ìró wọn. “Ọjọ́ orí mi yìí. Mo purọ́ fún ẹni tó ń fún mi níná.”

Ojú tì mí débi pé n ò lè jókòó. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n lọ jẹun. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ òjò dé, ẹ̀ka máńgòrò mi wáyà yẹn, iná ta pàrà níbi ọ̀rá omi, fíríìjì sì dákẹ́ díẹ̀ kó tó tún máa dún. Òjò ń bọ̀. Wáyà tí òjò kò ràn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lórí ìró.

Ẹni tó lórí pípé á gbé e jáde, á kọjá títì, á ní, “Alájà, ẹ dárí jì mí.” Mo rò ó. Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ tísà ìṣirò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé wáyà sínú báàgì ńlá, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo fẹsẹ̀ rìn dé oríta, mo dá ọ̀kadà dúró. Mo sọ ibi tí mò ń lọ fún ọlọ́kadà. Ó ní, “Àǹtí, ibi tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn ni mo rí tí ẹ ń nà sí o.” Mo ní kó ṣáà máa lọ. Mo ní kó gbé mi dúró níwájú ilé Alájà gan-an, kó sì fọn fèrè. Ó fọn ọ́n.

Alájà jáde. Mo ti gbé ohùn ẹni tó ti rẹ̀ wọ̀. Mo ní, “Alájà, ẹ bá mi dúpẹ́, wọ́n ti dá a padà láti Ogijo.” Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó béèrè ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ó ti ń gbé e nílẹ̀. Ó pe àwọn obìnrin tó ń bó obì pé kí wọ́n wá gbà mí lẹ́rù, pé kí a tètè fi wáyà gidi pààrọ̀ tòun kí òjò tó dé. Ó ní ti Màmá la máa kọ́kọ́ fi sí, ti fáànù lè dúró. Ó tẹ̀ ba, ó fa síìpù báàgì.

Ọ̀rá funfun ló kọ́kọ́ yọ. Ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní dídì bí ọkùnrin Ṣàbó ṣe dì í, bébà kékeré rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin náà wò ó, wọ́n wò mí. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí páànù.

Alájà fi èékánná já téèpù ẹnu ọ̀rá náà. Kò yára, kò sì gbé ojú sókè. Ó fa wáyà jáde, ó gbé e fún obìnrin tó sún mọ́ ọn pé kó sáré lọ tú u sílẹ̀ dáadáa, kó gbé e dé ilé ìdáná Màmá. Ó wá ká ọ̀rá náà sí mẹ́rin, ó fà á lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, “Àwọn ará Ogijo mà mọ nǹkan tọ́jú o. Gbà, wọ́n gbàgbé ọ̀rá wọn. Bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ní ẹ ṣé, mà.