Ìbò Kan Ṣoṣo Tó Wà Nílé Wa

Bí ẹ bá bi ọkọ mi bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń dúró gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nínú ẹbí wọn, yóò ní ariwo ẹnu mi ni. Irọ́ ni. Ìbò ni.

Nígbà náà, ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn ṣọ́jà ti tún gbàjọba nílé, ní Nàìjíríà. À ń gbé ní Rogers Park ní Chicago, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ilé bíríkì kan tó súnmọ́ ojú irin débi pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá, a ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ dúró kó lọ tán. Ọkọ mi ń kàwé lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wa takisí, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà. Gbogbo wọn ló lè fi ọ̀rọ̀ ìṣèlú Amẹ́ríkà gbàgbé oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dìbò. Èmi nìkan ni mo ti búra di ọmọ ilẹ̀ yìí. Èmi ìyàwó ilé, tí mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àbúrò ọkọ tí mo jù lọ́jọ́ orí, ọwọ́ mi ni ìbò kan ṣoṣo tó wà nílé wà.

Ìyá mi ni mo tìtorí rẹ̀ búra. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ ọsibítù ló jẹ́ kí n gba gíríìn káàdì ṣáájú gbogbo wọn, wọ́n sì sọ fún mi pé bí mo bá di ọmọ ilẹ̀, yóò rọrùn láti mú ìyá mi wá. Mo lọ, mo gbé ọwọ́ sókè, mo búra. N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà, n kò sì ní tọrọ rẹ̀ nísinsìnyí.

Ẹ̀gbọ́n ni kò gbà. Ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí ni àkọ́bí ìyá ọkọ mi. Bàbá wọn ti kú, òun ló dúró bíi bàbá ọkọ níbi ìgbéyàwó wa, òun náà ló sì kọ́kọ́ yin ọbẹ̀ mi lójú gbogbo ayé. Nígbà tó gbọ́ pé mo ti búra, ó ní mo ti ta ilé. Láyé ìgbà yẹn, òfin Nàìjíríà kò gbà kí irú wa jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ká tún jẹ́ ọmọ ibí, nítorí náà lójú tirẹ̀, mo ti jáde kúrò nínú ẹbí. Kò bá mi jà. Ó kàn dẹ́kun jíjẹ oúnjẹ mi. Ní gbogbo Sọ́ńdè tí ẹbí bá pé jọ sí pálọ̀ wa, yóò wá, nítorí òun ni olórí, ṣùgbọ́n yóò mú búrẹ́dì tirẹ̀ dání nínú ọ̀rá. Òórùn ọbẹ̀ mi á gba ilé kan, lójú mi báyìí ni yóò máa fi tíì ti búrẹ́dì gbígbẹ lọ́nà ọ̀fun. Kò pè mí ní Ìyàwó mọ́. Ará Amẹ́ríkà ló ń pè mí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó ní ìdí tí ọ̀rọ̀ ìlú fi máa ń ká a lára. Tíṣà ni nílé, ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Níbi ìbò tí wọ́n dì gbẹ̀yìn kí àwọn ṣọ́jà tó dé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ibùdó ìdìbò kan nílùú wa. Wọ́n ka ìbò tán, ó ka èsì rẹ̀ sókè, àwọn tó pàdánù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti iná bọ ilé kiri. Wọ́n jó tirẹ̀ mọ́ ọn, òun tí kò ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ èsì. Ògiri ẹ̀yìnkùlé ló fò tó fi yè. Kò pẹ́ sí i, ṣọ́jà kan sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní àwọn ti gbé òfin ìlú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ yẹn ni òun di ẹrù òun.

Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìwé pẹlẹbẹ kan wọ inú àpótí lẹ́tà wa láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois. Ìbéèrè wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ìpínlẹ̀ máa dáhùn lọ́jọ́ ìbò, yàtọ̀ sí ti yíyan ààrẹ. Àwọn kan kò le, a kò bá ara wa jà lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó dá wa dúró. Wọ́n ní, ṣé kí wọ́n pe àpéjọ ńlá, kí àwọn aṣojú jókòó, kí wọ́n yẹ òfin ìpínlẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, kí wọ́n tún un kọ bó bá yẹ? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá. Òfin náà fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé ogún ọdún kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé wọ́n bi ará ìlú ní ìbéèrè yẹn.

Ọkọ mi ka ìwé náà sókè ní Sọ́ńdè. Ó ka ìdí tí ènìyàn fi lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣí ojú ewé, ó ka ìdí tí ènìyàn fi lè sọ rárá. Ẹ̀gbọ́n gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Dúró ná. Gbé e wá. The same government ló tẹ both sides?"

"Àwọn náà ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n wá fi ránṣẹ́ sí yín nílé? Free?" Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wá ibi tí ẹ̀tàn fara pamọ́ sí. "Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn nìyí. Ojú sùnnùkùn la ó fi wò ó."

Bí iyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa wà níbẹ̀. Kírísítẹ́nì ni, báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, láti ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti máa ń yà wá jẹun lọ́dọ̀ àwa mùsùlùmí. Òun náà kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ìyẹn pa á lẹ́nu mọ́.

"Let them open it jàre," ó wí. "Kí ni wọ́n ń bẹ̀rù? Ogún ọdún! Even my car, mò ń gbé e lọ fún tune-up lọ́dọọdún."

"Ta ló máa ṣí i?" Ẹ̀gbọ́n bi í. "Ìwọ ni? Àwọn olóṣèlú ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. You open it because of one small thing, kí o tó ṣẹ́jú, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ."

"Bí wọ́n bá tiẹ̀ bà á jẹ́ ńkọ́? Wọ́n á tún un ṣe, á dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ pé ilé Ẹ̀gbọ́n ti jó rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àwọn àbúrò ọkọ mi tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, kò sì jẹ ẹ́.

"Tèmi jó, Sister," ó wí wọ́ọ́rọ́. "Ẹwà wo ló bù sí i?"

Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ bo ẹnu, ó kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó dìde, kò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n iyàn náà ti yí padà. Nígbà tí ọkọ mi ní kí wọ́n nawọ́, ta ló fẹ́ dojú kọ ilé tó jó? Gbogbo àwọn ọkùnrin ló nawọ́ fún rárá. Ọ̀rẹ́ mi kò lè gbé tirẹ̀ sókè síbì kankan.

"Ó parí," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ará Amẹ́ríkà, o ti gbọ́. Rárá ni ilé wí. That is how we are voting."

Ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ni mo wà, pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì gbígbóná. Wọ́n ti ka gbogbo ọwọ́ tó wà nílé tán, wọn kò rántí pé èmi náà lọ́wọ́. Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Amẹ́ríkà ti ba ìwà mi jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ní kí n sè, mà á sè. Bí ẹ ò bá jẹ ẹ́, mà á tún sè next week. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa là ń vote. Èmi ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí n sọ pé rárá, kó jókòó, kó convince mi."

Mo dìde, mo lọ jókòó sórí àga ńlá tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ọkọ mi ń wo àjà bí ẹni tí òjò ń jò sí lórí. Títí di òní tí a ti kó lọ sí ìlú Flossmoor, bí mo bá rántí ìjókòó yẹn, orí mi a máa wú.

Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n yóò bínú lọ. Àmọ́ iṣẹ́ tíṣà kì í tán lára ènìyàn. Ó wò mí títí, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi.

"Òfin tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, bó tiẹ̀ ní àléébù, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń ba àwọn aláṣẹ. The day you tell them it can be changed, ẹ̀rù yẹn á kúrò lójú wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ní hospital, a kì í dúró kí patient dákú ká tó wo BP ẹ̀."

"Bí dókítà tó fẹ́ wò ó bá jẹ́ olè ńkọ́?"

"Wọ́n á tún bi wá kó tó fún un lóògùn." Mo ṣí ìwé náà, mo fi ìka tọ́ ọ fún un: ohunkóhun tí àpéjọ yẹn bá kọ, ìbò ará ìlú ni yóò tún pinnu rẹ̀. "Ẹ wò ó níbí. Twice ni wọ́n máa bi wá."

Ó kà á, ó tún un kà. "Ìwé lè sọ ohun tó bá wù ú," ó wí níkẹyìn. "Tiwa nílé náà sọ ọ́." Ó di búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti búra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá mi sọ ju gbólóhùn kan lọ, inú mi sì dùn gan-an.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo mọ ohun tí àwọn tó ní ìbò lọ́wọ́ máa ń gbádùn. Àbúrò ọkọ mi tí kì í gbé abọ́ tó fi jẹun, fọ abọ́. Ọkọ mi bá mi gbé ẹrù ọjà gun àtẹ̀gùn láìjẹ́ pé mo pariwo, ó ń sọ nípa ewu àyípadà bó ṣe ń mí hẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù níbi iṣẹ́, ó ní òun ti ronú kan ìdí mìíràn. Mo gbọ́ tiwọn tán, mo ní mà á wò ó.

Lọ́jọ́ ìbò, atẹ́gùn láti orí adágún odò ń gún etí. Mo wé ìborùn mi, mo wọ aṣọ nọ́ọ̀sì sábẹ́ kóòtù, mo fẹ́ dìbò kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Takisí Ẹ̀gbọ́n ló wà níwájú ilé.

"Wọlé," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, corner ibí yìí ni. Mo lè fẹsẹ̀ rìn."

"Mo ní kí o wọlé."

Yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti ń dìbò ládùúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n dúró síwájú rẹ̀, ó wo òpópónà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Àwọn jàǹdùkú ló ń wá. Màmá àgbà kan tó fa ajá dání, tó ń mu kọfí nínú ife páálí, nìkan ló wà níbẹ̀.

"Mi ò ní pa engine," ó wí fún mi. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa wà ní ṣíṣí. Tí o bá gbọ́ ariwo, má wẹ̀yìn, sáré jáde."

Kò fi ṣe àwàdà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di sítíárì mú. Ẹni tí kò fẹ́ jẹ oúnjẹ mi yìí ti múra láti gbé mi sá. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo yára jáde.

Nínú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ móoru, ó ń rùn bíi kọfí àti ìwé. Obìnrin arúgbó kan, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, bi mí lórúkọ. Ó ba orúkọ náà jẹ́ pátápátá lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i nínú ìwé, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ó fún mi ní páálí ìdìbò, ó tún fún mi ní èyí tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tó wà fún ọ̀rọ̀ òfin. Mo wọ ibi tí wọ́n fi aṣọ dí, mo mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń lu ihò sí i. Mo ronú kan Ẹ̀gbọ́n nínú mọ́tò. Mo ronú kan ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wá rò ó pé bí mo bá tìtorí ẹ̀rù yẹn lu rárá, a jẹ́ pé àwọn tó jó ilé náà ti bá mi dìbò ní Chicago.

Mo lu bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé kò sí wàhálà?" Ẹ̀gbọ́n bi mí bí mo ṣe wọlé sẹ́yìn ọkọ̀.

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n. Have a nice day ni wọ́n wí."

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Èmi ni kò lè mú un mọ́ra. "Mo lu bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo mọ̀," ó wí, ó sì gbé mi lọ síbi iṣẹ́.

Ìbò bẹ́ẹ̀ ni kò wọlé. Ìpínlẹ̀ ní rárá, kò tiẹ̀ súnmọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, tí kì í ṣe Sọ́ńdè, Ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn wa nírọ̀lẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ dé ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Mo gbọ́ pé ẹ lose."

"A lose, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Kí la fẹ́ ṣe? Mo ní morning shift lọ́la."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó lọ sídìí fèrèsé. Nísàlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó pariwo bẹ́ẹ̀ ni ju gbogbo wa lọ ń wọ́ àpò aṣọ lọ sí ilé ìfọṣọ, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń ti ibùdókọ̀ ojú irin bọ̀, kálukú pẹ̀lú ẹrù oúnjẹ rẹ̀. Nínú ẹni tó borí àti ẹni tó pàdánù, kò sẹ́ni tó lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Mo dúró lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo pàdánù, mo sì ń yangàn nínú ara mi.

"Bí wọ́n bá ń pàdánù báyìí nílé," ó wí láìyíjú, "mi ò bá má kúrò níbẹ̀."

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, a dúró kó lọ tán. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì.

"Ìyàwó," ó wí, "kí lo sè?"

N kò tíì sè nǹkan kan. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àná tó ṣẹ́kù nìkan ló wà nílé, mo sì ti gbé e kaná kí ó tó yí ọkàn padà.