Pèrègún Tí Mo Gé Fún Àwọn Awọnlẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé àwọn tó wá wọn ilẹ̀ abúlé wa ò ní èrò ibi lọ́kàn, a ó jọ jà ni. Mo mọ̀ pé wọn ò ní in. Àìbìkítà ni wọ́n fi gba oko obì lọ́wọ́ bàbá mi, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ẹni tó ń bá ọ ṣọ̀tá ṣáà mọ̀ pé o wà láyé.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa nítòsí Mọ́níyà. Ọdún 1990 ò tíì pé, ilé bàbá mi ni mo sì ń gbé. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ọkọ̀ ìjọba gbé ọkùnrin mẹ́rin dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Ọ̀gá wọn tẹ́ máàpù sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa. Ó ní wọ́n ti sé Odò Ọya lókè lọ́hùn-ún, omi ló ń mú iná wá níbẹ̀, kò lo epo, kò rú èéfín, omi náà ò sì ní í tán. Ìjọba ti dá ọdún tí gbogbo ìhà ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ ti máa lo iná omi yìí. Ọ̀nà tí wáyà ńlá yóò gbà dé Ìbàdàn ló kù tí wọ́n ń wá. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó sì fa ìlà gba àárín oko obì wa kọjá.

Bàbá mi bi í bóyá iná náà yóò yà sọ́dọ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí ẹni tó bá wà létí odò kì í fi itọ́ fọwọ́. Mo gbà á gbọ́, èmi òmùgọ̀. Àtùpà ni mo fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé, ojú ti ń ro mí. Èmi ni mo bẹ bàbá mi títí wọ́n fi gbà.

Bàbá ní, “Tíṣà, bí o bá ní ó dáa, ó dáa.” Orúkọ tí wọ́n ń fi pè mí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà, èèkàn tán lọ́wọ́ àwọn awọnlẹ̀ nínú oko wa. Ọkọ̀ wọn ti lọ sí Ìbàdàn, bàbá mi sì wà ní Mọ́níyà. Ọ̀gá wọn fẹ́ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní rárá o, kí wọ́n má dá iṣẹ́ dúró. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo gé ẹrù pèrègún kan, mo rù ú wá fún wọn. Wọ́n kun orí rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ láàárín oko.

Ẹni tí wọ́n bí sí abúlé bí èmi ò lè ní òun ò mọ ohun tí pèrègún jẹ́. Pèrègún ni ààlà. Bí a bá pín ilẹ̀, òun la ń gbìn sáàárín, nítorí kì í kú, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ hú u. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ iná ló wà lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí bàbá mi dé, tí wọ́n rí i, wọ́n pariwo pé ká fà á tu kíá. Ọ̀gá awọnlẹ̀ ní ẹni tó bá fọwọ́ kan èèkàn ìjọba, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ni a bá fi í sílẹ̀.

Òjò rọ̀, pèrègún yọ ewé. Àwọn awọnlẹ̀ ò padà wá lọ́dún yẹn, wọn ò wá lọ́dún kejì. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé òpó irin ti ń nàró lápá ibòmíràn, ó jìnnà sí wa réré. Wọ́n ti yí ọ̀nà wáyà padà. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa, kò sì sẹ́ni tó wá tu èèkàn rẹ̀. Òjò ti fọ ọ̀dà pupa náà dànù, pèrègún sì ti ga jù mí lọ.

Bàbá tó ni oko tó bá tiwa pààlà wá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Ìbàdàn wá wo ogún wọn, wọ́n rí pèrègún, wọ́n ní ibẹ̀ ni ilẹ̀ bàbá mi parí sí. Ààlà àtijọ́ ò ní pèrègún, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ti kú. Igi obì tó ń so jù lọ, ọ̀dọ̀ wọn ló bọ́ sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ n’Íbàdàn. Ìwé kékeré kan ni mo ní kí wọ́n kọ fún mi, pé àwọn ló ni èèkàn náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé kan tẹ́ máàpù síwájú mi.

Ó ní, “Màdáàmù, a ò wọn ibẹ̀ rí.”

Mo rí ojú ibi tí wọ́n ti fi rọ́bà pa ìlà pẹ́ńsùlù náà rẹ́. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ hàn án. Ó ká máàpù rẹ̀. Mo bú wọn dé orí ọ̀gá wọn, wọ́n sì ní kí mẹ́séńjà mú mi jáde.

Baálẹ̀ àti àwọn àgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n béèrè ẹni tó gé pèrègún. Bàbá mi wò mí. Mo lè ní mi ò mọ̀, ta ni ì bá já irọ́ mi?

Mo ní, “Èmi ni.”

Wọ́n ní níbo ni mo ti gé e, mo ní ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ni. Mo wá ń ṣàlàyé awọnlẹ̀, mo ń ṣàlàyé wáyà tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Baálẹ̀ gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run.

“Wáyà ọ̀hún dà?”

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ ló gé pèrègún ilé rẹ̀, bàbá rẹ̀ rí i, kò hú u, ẹ̀rí wo la tún ń wá? Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo fi gbé àdá lọ sóko. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tíì bẹ́ tí mo gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn mi.

“Tíṣà, gbé àdá yẹn sílẹ̀.”

Mo ní èmi ni mo gé e wá, èmi ni n ó bẹ́ ẹ dànù. Mo ń sunkún, ìbínú ni.

Bàbá ní, “Ó ti di ààlà. Ẹni tó bá hú ààlà, olè ni. Mi ò bí olè.”

Mo ju àdá sílẹ̀. Bàbá mi wo àwọn igi obì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn lódìkejì, wọ́n yíjú, wọ́n ń lọ sílé. Títí wọ́n fi kú, wọn ò sọdá ìlà náà mọ́. Abúlé wa ò sì níná.